Ìyá Ràfíù bímọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá fọṣọ lónìí

Ojú tì mí láàárọ̀ yìí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Mo wà nílé ní Òkè Baálẹ̀, mò ń lo ìsinmi ìbímọ tí wọ́n fún mi níbi iṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀, owó oṣù mi ń wọlé. Ìyá Ràfíù tó máa ń bá mi fọṣọ bá wọlé, ó pọn ìkókó.

Mo ní, "Ẹ ò ṣe sinmi?"

Ó ní, "Àǹtí, ta ló fẹ́ fún mi nísinmi?"

Èmi náà sì ni ọ̀gá rẹ̀.

Mo ní kó máa lọ sílé, pé màá ṣì máa sanwó rẹ̀. Ó fajú ro. "Ṣé ẹ ti rí ẹlòmíì ni?"

Kò lọ àfìgbà tí mo búra.

Èwo nínú yín ló ti fún ẹni tó ń fọṣọ fún un nísinmi ìbímọ rí? Ẹ jẹ́ n gbọ́.