Fíríìjì Tí Kò Tutù àti Àbúrò Ọkọ Mi

Ọkọ mi ń tún fíríìjì ṣe, ó sì ń lọ sí yunifásítì. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn kò ju àkọ́bí wa lọ, ń pè é ní Dádì Fíríìjì, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi í jẹ. Ohun tó ń kó ìdààmú bá a ni lọ́jíìkì, ẹ̀kọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń jáde láti inú òmíràn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi fi iṣẹ́ oṣù tó ti ń tún fíríìjì ṣe ní iléeṣẹ́ kan sílẹ̀, tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè máa kàwé, ó ní ìyá òun kò gbọdọ̀ gbọ́. Èmi mọ̀, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo mọ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà mọ̀. Kò pé oṣù kan tí ìyá fi pè, ó ń sunkún lórí fóònù pé ọmọ òun ti fi iṣẹ́ gidi ṣòfò. Ọkọ mi gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Àbúrò mi ti tú àṣírí mi." Ó parí. Láti ọjọ́ náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún méjì gbáko! Ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n jọ sùn lórí ẹní kan ṣoṣo. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kò gbọ́. Ó dùn mí wọra.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jíìkì, olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin kan tí ọkọ mi lè bí, ní kí kálukú kọ àlàyé kan tó dúró ṣánṣán láti inú iṣẹ́ tó mọ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó kọ tirẹ̀: Bí gáàsì bá tán, fíríìjì kò ní tutù. Fíríìjì yìí kò tutù. Nítorí náà, gáàsì rẹ̀ ti tán.

Wọ́n fún un ní òdo rìbìtì. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìparí ọ̀rọ̀ kò jáde láti inú ohun tó ṣáájú.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ó gbá bébà náà mọ́ tábìlì. "Ìyá àwọn ọmọ, ogún ọdún ni mo ti ń jẹun lórí ọ̀rọ̀ yìí! Ti àkọ́kọ́, òótọ́ ni. Ìkejì, òótọ́ ni. Mo tiẹ̀ tú fíríìjì tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ yẹn wò, gáàsì ẹ̀ tán lóòótọ́! Kí ló wá burú ńbẹ̀?"

Aránṣọ lèmi, orí tèmi náà dàrú. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ́. Mo ní, "Tí wọ́n bá gbé fíríìjì wá, ṣé gáàsì lẹ kọ́kọ́ máa ń fi sí i?"

"Rárá o! Mo máa wo wáyà, mo máa fọwọ́ kan rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn, mo máa bi ẹni tó ni ín. Nǹkan púpọ̀ ló lè fà á."

"Kí ló dé tí ẹ ò bi ẹnì kankan nínú bébà?"

Ó fi bíírò họ orí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti fẹ́ sọ láti ọdún méjì bọ́ jáde. "Àbúrò yín ńkọ́? Tí àbúrò bá tú àṣírí, ìyá máa sunkún. Ìyá sunkún, ẹ sì dá a lẹ́bi. Rọ́bà wo lẹ fọwọ́ kàn? Ta lẹ bi?"

Mo rò pé ó máa jágbe mọ́ mi. Ó wo bébà, ó wò mí, ó tún wo bébà, oúnjẹ alẹ́ tí mo gbé fún un sì tutù síbẹ̀.

Láàárọ̀, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó pe àbúrò rẹ̀. Ó tan ohùn fóònù náà síta, nítorí ariwo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú fíríìjì tutù, ti ba etí rẹ̀ jẹ́.

"Àbúrò mi, mo ti ṣẹ̀ ọ́. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ìwọ lo sọ fún ìyá wa. Jọ̀ọ́, má bínú."

Àbúrò rẹ̀ dáhùn, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi mà ni mo sọ ọ́. Àyà mi ń já nítorí yín, mi ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún."

Ẹ wo ojú ọkùnrin yìí! Ó fi ọwọ́ bo fóònù. "Ṣé mo yege nìyẹn, àbí mi ò yege?" ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Olùkọ́ ní àlàyé lè má dúró, kí ìparí ẹ̀ sì jẹ́ òótọ́. Mo rò pé ó ń ṣeré ni."

Mo ní mi ò mọ̀. Títí dòní, mi ò mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì wà ńbẹ̀? Ọdún méjì ni mo fi ń retí pé ẹ máa bi mí. Ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Ẹ ò bi mí rí."

Ọkọ mi mú ọwọ́ kúrò lórí fóònù, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé ojú rẹ̀.

"Àbúrò mi," ó ní, "báwo lo ṣe wà?"