Ibi Tí Omi Máa Gbà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn tó ń sọ ọ́ kiri Akpakpa ní Kútọnù ti bu iyọ̀ sí i. Wọ́n ní ọkọ mi fẹ́ hú òkú ìyá ẹ̀ nítorí ipò. Ipò wo? Ipò dẹlẹgé, aṣojú àdúgbò, tí kò lówó oṣù, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kéèyàn máa parí ìjà tọkọtaya lọ? Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ nǹkan.

Mùílíù lorúkọ ẹ̀. Bàbá Ràṣídátù ni mo ń pè é, torí Ràṣídátù ni àkọ́bí wa. Ọmọ Ṣakété ni, kámíọ̀n ló ń wà. Ó ń kó yanrìn, ó ń kó bíríkì, ohunkóhun téèyàn bá ní kó kó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó sì lágídí. Bẹ́ẹ̀ ni, méjèèjì máa ń gbé inú èèyàn kan. Tó bá ti pinnu nǹkan, ẹ lè pariwo títí ilẹ̀ á fi ṣú, á kàn máa wò yín bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò ni.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibi tí à ń gbé yìí, ní ìdí Agblangandan, koríko, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹ̀fọn ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò wọ́n, torí kì í ṣe ilẹ̀, omi ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àrínọlá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Sàní, ló kọ́kọ́ ra tiẹ̀. Opó ni, òun ló sì tọ́ ọkọ mi dàgbà. Ọkọ mi wá bá a wá nǹkan ṣe sí i. Ó ń fi kámíọ̀n kó ààtàn láti ìgboro Kútọnù, láti ẹ̀yìn ọjà Ganhi lọ́hùn-ún, ó ń dà á sínú omi: ewé, akísà, agolo, gbogbo ohun tí ìlú ti jẹ tì. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó da yanrìn lé e, Ìyá Sàní sì kọ́lé sórí ẹ̀. Ni àwọn ará Pobè, ará Kétu, àwọn Gun àti Fọ̀n bá rí i pé, háà, omi lè di ilẹ̀! Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn náà dà á. Bí àdúgbò wa ṣe kún nìyẹn. Sọmidilẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkọ mi nígbà yẹn, inú ẹ̀ a sì máa dùn.

Ìyá wọn náà kúrò ní Ṣakété, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ Ìyá Sàní. Ibẹ̀ ló kú sí, ẹ̀yìn ilé níbẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí, bí wọ́n ṣe ń sin àgbà nílé wa. Láràárọ̀, Ìyá Sàní á gbálẹ̀ ibẹ̀ kó tó gbá yàrá tara ẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi kì í gbàgbé ọ̀nà ẹ̀. Kí a tó dé, ibẹ̀ ni òjò ń gbà lọ sínú ọ̀sà. A ti dí i. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ lòjò ń dúró tì wá. Lọ́dún kan omi dé orókùn, lọ́dún kejì ó dé ìbàdí. Nínú omi ìbàdí yẹn ni ìrọbí mú Oyèníkẹ́, ìyàwó kan tó ń gbé ìtòsí wa. Kò sí ọkọ̀ tó lè wọlé. Ọkọ mi yọ ilẹ̀kùn ilé wa, a gbé Oyèníkẹ́ lé e, òun àtàwọn ọkùnrin tó kù gbé e sórí, a ń wọ́dò lọ sí títì. Orí ilẹ̀kùn yẹn ló bímọ sí. Ọmọ náà ò ké.

Nígbà tí ọkọ mi délé, kò jẹun. Ó ní, “Látífàt, èmi ni mo dí ibẹ̀.” Mo ní kó dákẹ́, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ó ní Ọlọ́run ò ní kámíọ̀n.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìjọba Rẹfolúsíọ̀n, àwọn ológun tó gbàjọba, ní kí àdúgbò yan dẹlẹgé tuntun. Ni ọkọ mi bá lóun máa jáde. Ẹnu yà mí. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú! Ó wá ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ojú omi lòun máa kọ́kọ́ là, kí òjò ríbi gbà. Tí ìyẹn bá parí, ẹ̀rọ omi mímu, ká yéé ra omi nínú garawa. Tí ìyẹn náà bá parí, ká fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ìwé, kí àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ páànù jíjò. Ibi tó bá gbà kọjá ni wọ́n ti ń kígbe, “Ojú omi!” Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí olúkúlùkù gbà pé ilẹ̀ ẹlòmíì ni yóò gbà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Sàní wá sílé wa. Kò kí èmi, kò jókòó.

“Mùílíù, wọ́n ní o ń wọn ilẹ̀ lẹ́yìn ilé mi.”

“Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ìyá wa tó wà níbẹ̀ ńkọ́?”

“A ó gbé wọn lọ sí Ṣakété. Inú ilé wa tòótọ́ ni wọ́n máa sùn.”

“Èmi ńkọ́? Èmi tí mo fẹ̀yìn pọ̀n ẹ́, níbo lo fẹ́ kí n máa sùn?”

“Lọ́dọ̀ wa níbí ni.”

“Lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ tó ń ka ẹran sínú ọbẹ̀?”

Mo wà níbẹ̀ o! Síbí wà lọ́wọ́ mi! Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ ni. Ìgbà yẹn lohùn ẹ̀ wá rọ̀. Ó di ọwọ́ ọkọ mi mú, ó ní, “Àbúrò mi, mo bẹ̀ ẹ́. Sọ fún wọn pé wàá la ojú omi. Má ṣáà sọ ibi tó máa gbà. Tó o bá ti wọlé tán, a ó wá ọ̀nà mìíràn.”

“Kò sí ọ̀nà mìíràn. Ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù.”

Nígbà tó lọ tán, èmi náà gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní, “Bàbá Ràṣídátù, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọlé ná.” Ó ní ṣé kóun gba ìlú tán kóun tó sọ fún wọn pé ilé wọn lòun ń bọ̀ wá wó? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni! Ṣé bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é kọ́ nìyẹn? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò.

Ọjọ́ ìyànsípò pé, gbogbo wa péjọ sí ọgbà ilé ìwé. Kamaráàdì kan tí wọ́n rán wá láti ìgboro kígbe, “Ehúzù!” bí àwọn Fọ̀n ṣe ń sọ pé nǹkan ti yí padà. A dáhùn, “Dandan!” Ó ní kò sí ìwé, kò sí àpótí. Kí àwọn tó jáde sọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, kí oníkálukú sì tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́, kí tọmọdé tàgbà rí i.

Bámidélé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ni, ará Pobè, ọmọlúàbí sì ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó lóun máa wá iná mànàmáná wá, òun á sì da yanrìn kún gbogbo ibi tí omi ti ń dúró. Ó ní, “A ò ní fọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni.” Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọkọ mi dìde, ó ní ojú omi. Hẹ̀n! Àtẹ́wọ́ yẹn ju ti Bámidélé lọ fíìfíì. Mo ti ń wo ara mi bí ìyàwó dẹlẹgé. Ni Oyèníkẹ́ bá nawọ́. Ó ní, “Bàbá Ràṣídátù, ibo ni omi náà máa gbà?”

Mo ṣẹ́jú sí ọkọ mi. Mo gbọn orí. Mo ṣe gbogbo ohun tí ojú lè ṣe.

Ó ní, “Ó máa gba ilé ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí ìyá mi sùn sí. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó máa gba ilé Jímọ́ọ̀, kó tó bọ́ sínú ọ̀sà. Èmi tí mo dúró yìí ni mo dí i, tí mo sì kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa dí i. Ẹ forí jì mí.”

Jímọ́ọ̀ alágbẹ̀dẹ ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, “Ẹni tó lè hú ìyá tara ẹ̀, kí ni kò ní fi tèmi ṣe?” Ó wá di kí olórí dorí ẹ̀ mú. Àwọn tí omi ò ní gba ilé wọn rárá ń sáré lọ sẹ́yìn Bámidélé. Ta ló sì wà níwájú ìlà yẹn? Ìyá Sàní. Ó so gèlè ẹ̀ le, ó dúró ṣánṣán, kò wo ibi tí àbúrò ẹ̀ wà. Ẹ̀yìn ọkọ mi, èmi rèé, Oyèníkẹ́ rèé, ọkọ Oyèníkẹ́ rèé, àtàwọn mélòó kan tí kò tó kéèyàn máa kà. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń rèké. Ojú tì mí, inú bí mi, mo sì ń bú u nínú bí mo ṣe dúró tì í.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí òjò fi dé.

Òjò ọ̀hún ò kéré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Sàní dúró lẹ́nu ọ̀nà wa láìwọ bàtà. Ó ní, “Mùílíù, ibi tí ìyá wa wà ti rì.” A sáré dé ibẹ̀. Ààtàn tó wà nísàlẹ̀ ti jẹrà, ilẹ̀ ti já wọlé, omi dúdú ń ru jáde ní ẹ̀gbẹ́ sàréè, akísà àti agolo ń léfòó lórí ẹ̀. Ìyá Sàní wò ó títí. Ó ní, “Orí ààtàn la sin ín sí.” Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ọkọ mi jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé, mi ò rí irú ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ.

Àlùfáà wá, wọ́n fi aṣọ funfun tuntun wé ìyá, a gbé e lọ sí Ṣakété. Nígbà tí a padà délé, Ìyá Sàní wọ yàrá ẹ̀, ó kó ẹrù ẹ̀ síta. Ó ní, “Mùílíù, là á.”

A wó ilé náà. Ọkọ mi ń gbẹ́, ọkọ Oyèníkẹ́ ń gbẹ́, èmi ń fi agbọ̀n ko ẹrẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ẹ ì bá rí i, ó ń sáré! Ó sáré dé ògiri Jímọ́ọ̀, ó dúró. Jímọ́ọ̀ ní kò sẹ́ni tó máa wó ògiri òun. A lọ bá Bámidélé tó ti di dẹlẹgé. Ó fọwọ́ lérán, ó ní ìlú gbọ́ nígbà tóun ṣèlérí pé òun ò ní fọwọ́ kan ilé ẹnikẹ́ni. Omi bá ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ wa. Ìbàdí náà ló dé.

Ìyá Sàní ń gbé lọ́dọ̀ wa báyìí, mi ò ka ẹran mọ́. Tó bá ti kírun àárọ̀ tán, á gbé àpótí ìjókòó, á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà Jímọ́ọ̀, nínú omi. Kì í bú u, kì í bẹ̀ ẹ́. Àwọn kan ní ó ti ń ya wèrè. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lánàá, mo bá Jímọ́ọ̀ níbi tó dúró tì í, ojú ẹ̀ ti pọ́n.

Ó ní, “Ìyá Sàní, ẹ ṣàánú mi. Ṣé ilé mi lẹ fẹ́ kí n wó?”

Ìyá Sàní gbójú sókè. Ó ní, “Tèmi dà?”

Jímọ́ọ̀ kẹ́yìn sí i. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.