Bọ́ọ̀lù Gọ́ọ̀fù Bàbá Ògúntádé

Gbogbo Bàríga ló gbọ́ nípa ọjọ́ tí Bàbá Ògúntádé fọ́ fèrèsé Alhaja Sìmbíátù. Bàbá, tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ló kó èrò jọ sí pápá ilé-ìwé kan. Ó ní òun á gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù tí yóò gba ọ̀tún táńkì omi kọjá, tí yóò wá ṣẹ́rí sí òsì, kó balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù ò ṣẹ́rí síbì kankan. Ó wọlé Alhaja láìkan ilẹ̀kùn.

Alhaja mú bọ́ọ̀lù náà jáde. "Ta ló ni nǹkan yìí?"

Bàbá sáré pàdé e. "Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja, apá ibo nínú yàrá ló bọ́ sí? Ó ṣe pàtàkì!"

Lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ gíláàsì náà. Títí tó fi ṣe é tán, àlàyé ló ń ṣe: bọ́ọ̀lù tó bá sún mọ́ ẹsẹ̀ òsì jù, ojú igi tí a fi ń gbá a á ti yí sí òsì kó tó kàn án, òsì náà ló máa lọ. Tó bá sún mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún jù, ojú igi ò tíì yí dé, ọ̀tún ló máa gbà. Alhaja ní kó gbé e síbi tó bá wù ú, kó ṣáà kọjú sí Akọkà.

Nígbà ọ̀dọ́, Bàbá ru àpò igi fún àwọn ọ̀gá tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ojú ló fi kọ́ ọ. Kò sì gbà pé ẹnikẹ́ni gbá a dáadáa rí. Faridah, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Igbóbì, nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ tó fara dà á. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá gbá ló ń tẹ̀ sí ọ̀tún.

"Bàbá, bóyá igi yìí ló wọ́."

"Igi ò wọ́! Ìwọ lò ń gé bọ́ọ̀lù bí ẹni ń gé ilá. Má fa igi láti ìta wá sára mọ́. Jẹ́ kó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ jáde lọ."

"Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń jẹ́ kó jáde, sà."

"Kò tíì jáde."

Lọ́dún tó kọjá, Faridah wọ ìdíje kan. Òun àti ọkùnrin kan láti Obáníkòró ló kù, ọ̀mì ni wọ́n wà. Bọ́ọ̀lù Faridah wá lọ jókòó sẹ́yìn igi máńgòrò ńlá kan. Tí kò bá ṣẹ́rí, ó ti pàdánù nìyẹn. Wọn ò gba òǹwòran láyè láti sọ̀rọ̀, Bàbá bá fọwọ́ bo ẹnu. Faridah sún ẹsẹ̀ méjèèjì sí òsì díẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lè sún mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù gba ọ̀tún máńgòrò náà kọjá, ó ṣẹ́rí sí òsì, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wọ́n ń gbá a sí. Àtẹ́wọ́ ta. Gbogbo ènìyàn wá ń wojú Bàbá.

"Ó yà jù díẹ̀," ló wí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Bàbá kú. Faridah lọ kí ìyàwó rẹ̀, Oyèbísí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá, ní Ṣómólú.

"Ṣé ìwọ ni Faridah?" Màmá bi í. "Ọjọ́ tí o gbá bọ́ọ̀lù yẹn, kò jẹun. Agboòrùn ló mú, tó ń fi hàn mí ní pálọ̀ bí o ṣe gbá a. Gílóòbù wa fọ́! Ó ní, 'Oyèbísí, o ò bá wà níbẹ̀ kí o rí ọmọ yẹn!'"

Faridah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó dìde, ó lọ mú agboòrùn náà wá.

"Gbà. Jẹ́ kí n rí bó ṣe rí gan-an."

Faridah nu ojú, ó to ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì fì í jẹ́jẹ́.