Ìbọn Bàbá Sé Mi Mọ́lé

Ìbọn ló sé mi mọ́lé lónìí, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán!

Àbúrò bàbá mi, ọdẹ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló wá kí mi ní Àgùdà. Wọ́n gbé ṣakabùlà wọn ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n lọ kí aláìsàn ní Ìdí-Àràbà. Bí wọ́n ṣe pa ilẹ̀kùn dé báyìí, ìbọn ṣubú dínà, ẹnu ẹ̀ kọjú sí bẹ́ẹ̀dì tí mo jókòó lé.

Mo sá sí kọ̀rọ̀. Mo lọgun láti ojú fèrèsé pe Bọ̀dá Làmídì, ará ilé wa tó ń fi ìtàn ogun abẹ́lé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí di wá létí lójoojúmọ́.

“Bọ̀dá, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ọta wà nínú ìbọn?”

“Àǹtí, ẹ gbé e, kẹ́ ẹ yọjú wo ẹnu ẹ̀. Bẹ́ ò bá rí nǹkan, òfìfo ni.”

Kí n yọjú wo ẹnu ìbọn kẹ̀!

“Bọ̀dá, irú ìbọn wo lẹ̀yin gbé lójú ogun?”

Wọ́n wolẹ̀. “Kúùkù ni mí níbẹ̀.”

Ìgbà tí Bàbá ọdẹ dé ni wọ́n tọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n rọra gbé e kúrò. Wọ́n ní ẹtù àti ọta wà nínú ẹ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ ọ́.

“Yíyìn la fi ń yọ ọ́, ọmọ mi. Ṣé kí n yìn ín ní Àgùdà ni?”

Ó di Sátidé tó ń bọ̀ kí wọ́n tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbọn wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù mi, èmi wà ní fàráńdà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá mọ̀ nípa ìbọn dájú, kó gbà mí. Ẹ̀yin kúùkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i.