Iṣu Tí Wọ́n Fi Kí Aṣojú

Òórùn èso òwú tí oòrùn ti yan ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Parakú. Ó jọ òórùn epo tó ti pẹ́, ó sì máa ń rọ̀ mọ́ aṣọ. Níbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń tún ẹ̀rọ tó ń ya èso kúrò lára òwú ṣe, nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Albarika, tí mo wà ní lisée, ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo ará ìlú máa pe ara wọn ní kamarádì, bí ẹni tó dọ́gba, ni: kamarádì ni gbogbo wa, látorí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi gan-an ní Kùtọnu ń gba owó oṣù tó ju tirẹ̀ lọ dáadáa. Ó ti sọ ọ́ nílé pé bí wọn kò bá fi kún un, òun yóò lọ sí Kùtọnu. Ìyàwó rẹ̀ kò ní lè tẹ̀ lé e, torí ìyá wa tí kò lè rìn mọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ pé aṣojú ìjọba ń bọ̀ láti Kùtọnu wá gbọ́ ẹjọ́ wọn lórí owó oṣù, wọ́n ṣe ohun tí ilé rere ń ṣe fún àlejò: wọ́n dá iṣu jọ. Nínú èyí tí àwọn ẹbí wa fi ránṣẹ́ láti Ṣábẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ṣa àwọn tó tóbi jù.

“Ọkọ mi, wo ẹ̀gbọ́n rẹ,” ni ìyàwó rẹ̀ wí fún mi. “Àwa ń jẹ wẹ́wẹ́, ó ń gbé ìyá iṣu fún ẹni tí kò mọ̀ rí.”

“A kì í fi ọwọ́ òfìfo kí àlejò,” ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Mo bá a lọ sí ìpàdé náà. Aṣojú gbọ́ ẹjọ́ wọn tán, ó yíjú sí òkìtì iṣu, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin kamarádì, ẹni tó ní irú iṣu báyìí, kí ló fẹ́ fi owó Kùtọnu ṣe? Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹni ra ẹran là ń ra ìdajì èyí.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ti rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e.

“Kamarádì, a kì í fi iṣu ra ọṣẹ,” ló wá sọ. “Ọṣẹ, epo àtùpà, oògùn, ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá, àwa là ń san owó ọkọ̀ rẹ̀.”

Aṣojú ní òun ti gbọ́. Wọ́n bá a kó iṣu sínú mọ́tò. Owó oṣù wọn kò yí padà, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ sì fi rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ mi pé ọ̀wọ́n ọjà ìlú kan, àìtó òṣìṣẹ́ àti owó tí èbúté Kùtọnu ń mú wọlé ló ń mú kí owó iṣẹ́ yàtọ̀. N kò ní sọ pé irọ́ ni. Lóòótọ́, iṣu wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n iṣu tí ọkùnrin yẹn rí, òógùn àwọn ẹbí wa ní Ṣábẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò sì san owó rẹ̀ fún wọn. Òun ló kà á mọ́ owó oṣù. Ní Kùtọnu, owó ẹ̀gbọ́n mi pọ̀ sí i, yàrá tó gbà sì ń gbé èyí tó lé mì. Èyí tó yé mi ni pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó rẹ̀. Wọ́n ń wo bí ohun tó lè mú un wà láàyè ṣe kéré tó, iṣu tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ló sì ń bá wọn dín in kù.