Gbólóhùn Tí Ọmọ Ọ̀gá Kà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, mo jẹ́ tíṣà tuntun ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìwé tí yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa. Yóò wá jókòó sí kíláàsì mi lọ́jọ́ kan, yóò wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ó di kí n padà sílé bàbá mi ní Òdógbolú.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ kíláàsì karùn-ún ni àpólà àti awẹ́-gbólóhùn aṣàpọ́nlé nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń sọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ìgbà tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Àpẹẹrẹ inú ìwé ti sú mi. Ọ̀bọ gun igi, ọ̀bọ sọ̀ kalẹ̀, lójoojúmọ́ ayé. Mo bá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ wo ará ilé rẹ̀, kó kọ gbólóhùn kan tó jẹ́ òótọ́ wá. Mo rò pé mo gbọ́n ni. Ọgbọ́n àgbọ́njù ló ń pa òdù ọ̀yà.

Gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, kò sí ògiri láàárín kíláàsì. Ìyàwó ọ̀gá ló ń kọ́ kíláàsì kẹrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọbìnrin wọn sì wà lọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ọmọ méjì ka gbólóhùn tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì wọn ń kọsẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ní kí n pe ọmọ òun, kí àwọn yòókù lè gbọ́ bí a ṣe ń kà á.

Ọmọ náà dìde, ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara kà á pé: "Bàbá mi máa ń bu ṣúgà sí gàrí mu lẹ́yìn ilé ìdáná, nígbà tí màmá mi bá lọ sí ìpàdé ìjọ, nítorí pé dókítà ti kà á léèwọ̀ fún wọn."

Ibi, ìgbà, ìdí, gbogbo rẹ̀ pé. Kíláàsì kẹrin kọjú sí wa. Ìyàwó ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó rìn wá, ó ní kí ọmọ tún un kà, díẹ̀díẹ̀. Ó tún un kà. Ọ̀gá ń wo àjà bí ẹni tí òrùlé ń jò lé lórí.

Nígbà tí a jáde, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní ọmọ òun kò ní í wà ní kíláàsì mi mọ́, àti pé ní ti ìwé mi, òun ṣì máa rò ó. Mo ti ń di ẹrù lọ́kàn mi nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé, tó na bírò sí i.

"Ẹ fọwọ́ sí i, Dádì," ló wí. "Gbogbo ìgbà tí ṣúgà ń dín nílé, ọmọ yẹn ni mo ń nà."

Ẹ̀rín tí mo ti ń pa mọ́ kú sí mi nínú. Ọ̀gá fọwọ́ sí i, kò gbójú sókè.