Ẹ̀rọ Gàrí Ẹ̀yìn Fèrèsé Wa

Láàárọ̀ àná, bí aládùúgbò mi ṣe tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ báyìí, mo rán ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, pé kó bá mi mú ìgò epo wá. Ó dúró, ó ń wò mí. Mo jágbe mọ́ ọn: “Ṣé etí ẹ di ni?” Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni inú bí mi sí ara mi, nítorí mo mọ ẹni tí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Rísíkátù ni. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó ní kíláàsì àkọ́kọ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ẹ̀yìn fèrèsé wa gan-an ni ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ sí. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pátákó fèrèsé á máa gbọ̀n, òórùn ẹ̀gẹ́ tútù á gba gbogbo kíláàsì, tíṣà wa á sì kọjú sí bọ́ọ̀dù, á máa sọ̀rọ̀ lọ. Etí àgbà ti mọ ọ̀rọ̀. Ìdajì tó bá bọ́ sí i, á fúnra rẹ̀ wá ìyókù. Àwa ọmọ kéékèèké ńkọ́? Níbo la ti fẹ́ rí ìyókù?

Èmi a máa jí ìwé ará iwájú wò. Rísí kì í jí ìwé wò ní tirẹ̀. Ẹnu tíṣà ló máa ń tẹjú mọ́, bí tíṣà bá sì ti kẹ̀yìn sí wa, ó parí. “Olórí kunkun! Ṣé etí ẹ di ni?” Pàṣán a tẹ̀ lé e.

Bẹ́ẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, Rísí kì í ṣi iṣẹ́ jẹ́. Ìyá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á di àgbọ̀n rẹ̀ mú, á sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí i lójú. Síbẹ̀, nígbà tí tíṣà sọ pé orí ọmọ náà ò gbàwé, ìyá yìí kan náà ló ní, “Ẹ ṣeun, tíṣà. Ẹ jẹ́ kó wá bá mi bó ẹ̀gẹ́.” Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sún ẹ̀rọ kúrò. Láti orí bẹ́ǹṣì ni mo ti ń wò ó níta, tòun ti ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀rọ yẹn ti lọ. Jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà ló gba ipò rẹ̀, àwa àgbà ò sì yé jágbe.

Láàárọ̀ àná yẹn, mo lọ bẹ aládùúgbò mi pé kó pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Kò pa á. Mo padà, mo fi orúnkún tó ń dùn mí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di àgbọ̀n ọmọ náà mú, mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Ó sáré wọlé, ó sì gbé ìgò epo dé. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó, mo sunkún Rísí.